Ìjókòó Kejìlá Kò Tíì Ṣófo

                                        Ilé tó kọjú sí ilé-ìwé,
                                        Òpópónà Àwọn Aránṣọ.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Kẹsàn-án mi ọ̀wọ́n,

Má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé ó ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pè ọ́ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n tí o bá ka lẹ́tà yìí tán, wàá rí i pé mi ò lè pè ọ́ ní nǹkan mìíràn lónìí.

Báwo ni gbogbo ilé? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti rọlẹ̀? Àbígbẹ̀yìn rẹ ńkọ́, ṣé eyín tó ń yọ ti jẹ́ kí ẹ máa sùn? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń sọ pé ìwọ lo gbé awò ojú wọn pa mọ́? Ẹ kú ìfaradà ara yín. Ní tiwa, a dúpẹ́. Bàbá àwọn ọmọ mi wà, ó ń sanra, ó ní aṣọ ló ń súnkì. Iwájú èmi tí mo rán aṣọ náà ló dúró sí tó ń sọ ọ́! Ṣọ́ọ̀bù ń lọ dáadáa. Aṣọ ilé-ìwé ló kún ibẹ̀ báyìí, kódà bọ́tìnnì ni mò ń rí lójú àlá.

Ohun tó gbé bírò lé mi lọ́wọ́ rèé: wọ́n ti ń wó Pápá Ìpàtẹ wa. Bí o ṣe ń ka èyí, ilé dígí ti di èérún, ibi tí àwọn ẹṣin onígi ti ń yí po ti di ilẹ̀ gbalasa, wọ́n ní ibi tí wọ́n á máa gbé mọ́tò sí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo mọ̀ pé wàá sunkún díẹ̀. Sun ún, kó o nu ojú, kó o máa kà á lọ, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an kì í ṣe ti ẹkún.

Ìwọ mọ ìtàn Pápá, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ ò mọ̀ ọ́n, torí náà bá mi kà á fún wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n ń da eérú sí ni tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ló gbà á fún ọjọ́ mẹ́ta péré, wọ́n fẹ́ pàtẹ ọṣẹ àti aṣọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ kí ará ìlú wá wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta pé, ará ìlú ò lọ sílé. Ní ọdún kejì ẹnì kan gbé ẹṣin onígi wá, ẹlòmíràn kọ́ ilé dígí tó ń yí ìrísí ènìyàn padà, nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin, ta ló tún ń rántí ọṣẹ? Ìgbà náà ni Kẹ̀kẹ́ Ńlá dé, kẹ̀kẹ́ gàgàrà tó ń gbé ènìyàn lọ sókè tó tún ń gbé wọn bọ̀ nílẹ̀. Inú àpótí mọ́kànlélógójì ló wà, láìsí ìwé kankan tó sọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Bàbá mi, tó jẹ́ wẹ́dà nígbà náà, ni wọ́n sáré lọ pè. Ó fi oṣù méjì tò ó, ó gbé e dúró, ó yí, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ni nọ́ọ̀tì kan bá ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Títí dòní olónìí, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó yẹ kí nọ́ọ̀tì yẹn wà, àpò ṣòkòtò Bàbá ló ń gbé. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi máa ń sọ pé òun ò lè gun Kẹ̀kẹ́ Ńlá láìkọ́kọ́ gbàdúrà.

Iṣẹ́ oṣù méjì ló di iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún. Gbogbo ìlú ń pè é ní Bàbá Kẹ̀kẹ́. O rántí ojú tó fi máa ń wo ènìyàn? Kì í wo ẹwà, kì í wo aṣọ, ìwúwo ló ń wò. Ìjókòó méjìlá ló wà lára Kẹ̀kẹ́ Ńlá. Tí ẹni tó sanra bá jókòó sí ìkíní, ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìkeje tó kọjú sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì á máa mí hẹlẹ. Bó ṣe ń sọ wọ́n kalẹ̀ náà nìyẹn: ìkíní, lẹ́yìn náà ìkeje, ìkejì, lẹ́yìn náà ìkẹjọ, títí dé ìkẹfà, tí ìkejìlá á wá kẹ́yìn. Èmi àtìwọ ń bára dọ́gba bí ẹní fi òṣùwọ̀n wọ̀n wá, torí náà èmi ní ìkẹta, ìwọ ní ìkẹsàn-án, nígbà gbogbo. Ní gbogbo ìgbà ọmọdé wa, a ò jókòó pọ̀ rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Bí mo bá wà lókè, ìwọ á wà nílẹ̀, à á máa pariwo òfófó síra wa láti ìhín sí ọ̀hún, gbogbo ìlú á sì gbọ́ ọ. Ṣé o rántí ọjọ́ tí o fi ohùn rara sọ orúkọ ẹni tó wù ọ́, tí ọmọkùnrin náà wà ní ìkọkànlá?

Màmá ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí oníbàárà tó kẹ́yìn ti lọ, Bàbá á ṣe àyípo ìparí. Màmá á gbé tìmùtìmù rẹ̀, á bọ́ sí ìjókòó kejìlá, á ní òun náà fẹ́ rí ìlú kóun tó lọ dáná. Bàbá á máa yí i, bí ìjókòó kọ̀ọ̀kan bá ti dé ìsàlẹ̀, á fọwọ́ kàn án, á ké e síta pé, “Ó ṣófo!” á sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára pátákó. Ìkejìlá ló máa ń kẹ́yìn. Màmá á sọ̀ kalẹ̀, Bàbá á fọwọ́ kan ibi tó jókòó sí, á ké, á fa ìlà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á máa lọ sílé. Kò sí ọjọ́ kan tó fo èyí dá, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ibà. Tìmùtìmù yẹn, àwa la ṣe é. Kótìnnì àlòkù ni mo rán, aṣọ àkọ́kọ́ tí mo rán láyé mi, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ́ bí ọ̀nà oko. Ìwọ lo ki òwú sí i, òwú pọ̀ jù, ó le bí òkúta, Màmá sì ń jókòó lé e láìráhùn.

Pápá ò kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ilé ìtajà ńlá tuntun ló kọ́kọ́ dé, èyí tó ní atẹ́gùn tútù àti àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń lọ gun àtẹ̀gùn náà lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló máa wá sanwó fún ẹṣin onígi? Ìrù àwọn ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í já. Dígí tó ń sọni di tẹ́ẹ́rẹ́ fọ́, ó wá ku èyí tó ń sọni di àgbá omi, ta ló fẹ́ wo ìyẹn? Ayàwòrán Pápá kó ẹrù rẹ̀, ó lọ ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Nígbà tí o wá síbi ìsìnkú Màmá, ìwọ náà rí i pé koríko ti hù lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú náà, ẹ́ńjìnnì Kẹ̀kẹ́ Ńlá ta èéfín nígbà àyípo ìparí, ó sì dákẹ́. Ọ̀gá tó ń darí Pápá ní wọ́n á tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn, Kẹsàn-án, ọdún mọ́kànlá ló gbà, kò sì dé. Wọ́n ti Pápá pa, wọ́n fi Bàbá ṣe ọlọ́dẹ, wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Ńlá, ó sì wọ̀ ọ́.

Ojú wa rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ pé kó kúrò níbẹ̀. Mo kun yàrá kan fún un nílé mi, mo ra bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra tẹlifíṣọ̀n. Bàbá àwọn ọmọ mi ṣèlérí àga tó ń fẹ̀yìn tì fúnra rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ, èsì kan náà ni: “Mi ò tíì ṣíwọ́.” Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ ogbó ti dé. Ọkọ mi ní orí kunkun ni, ó ní òun sì mọ ibi tí mo ti jogún tèmi. Èmi ní tèmi, mo kàn ń bínú. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń bínú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, akọ̀wé ọ́fíìsì ìlú mú ìwé wá: tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí Bàbá ṣì wà nínú yàrá yẹn, ọlọ́pàá ni yóò gbé e jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ni ti ọlọ́pàá, òun á gbé e kọ́ èjìká bí àpò sìmẹ́ńtì. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Mo mọ bàbá mi. Tí wọ́n bá fi tipátipá gbé e, ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n á gbé dé ilé mi, kò sì ní lo oṣù mẹ́ta tó fi máa kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo sáré lọ. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréèkì Kẹ̀kẹ́ Ńlá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, ó di bọ́tìnnì dé ọrùn. Mo pariwo, mo bẹ̀bẹ̀, mo sunkún, imú mi ń ṣàn. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní mo ti rù. Ọlọ́run ayé! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti rẹ̀ mí pátápátá, ni mo bá bi í ní ìbéèrè tí kò sẹ́ni kankan nínú wa tó bi í rí. Mo ní, “Bàbá, kí ló kù tí ẹ ò fi tíì ṣíwọ́?”

Ó yà á lẹ́nu pé mi ò mọ̀. Ó dìde, ó fà mí lọ́wọ́ wọ ahéré tó ti ń yí kẹ̀kẹ́ náà. Pátákó ṣì wà lára ògiri. Ìlà ṣọ́ọ̀kì mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, wọ́n funfun báláú. Bí wọ́n bá ti ń parẹ́, ó ń tún wọn fà, láti ọdún mọ́kànlá wá. Ibi tí ìkejìlá yẹ kó wà ṣófo.

Ó ní, “Mi ò tíì fọwọ́ kan ìkejìlá.”

Mo ní, “Bàbá, gbogbo wa la mọ̀ pé kò sẹ́ni níbẹ̀.”

Ó ní, “Ẹ mọ̀. Èmi ò fọwọ́ kàn án.”

Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi, ó yíjú sí ògiri kí n má baà rí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Màmá kú, ó ń gbé tìmùtìmù wọn sí ìjókòó kejìlá fún àyípo ìparí, lójoojúmọ́, bí ìgbà tí wọ́n wà níbẹ̀. Tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, á gbé e lọ sílé. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì kú, ìkẹfà ló wà nísàlẹ̀, ìkejìlá wà lókè téńté. Tìmùtìmù Màmá wà lókè níbẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè fi wọ́n sílẹ̀ kó máa lọ sílé. “Fi wọ́n sílẹ̀” ló sọ o, bí ẹni pé Màmá fúnra wọn ni, kò sọ pé “fi í sílẹ̀.” Kẹsàn-án, ojú tì mí. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń sọ ohun tó ń ṣe é fún wa, àwa ń ra tẹlifíṣọ̀n.

Mo lọ bá ọ̀gá àwọn tó fẹ́ wó Pápá, ọkùnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ, tí akoto rẹ̀ kì í kúrò lórí. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá wa yí Kẹ̀kẹ́ Ńlá ní ìdajì kó tó wó o. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bíréèkì lòun fẹ́ gé ní tòun, kóun fi katapílà fà á lulẹ̀, ó parí. Mi ò mọ̀ pé Bàbá ti tẹ̀ lé mi. Ó ní, “Gé e, kó o rí i. Ọ̀gá Pápá tó lọ yẹn ti yọ ìkarùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje, ó fi wọ́n ṣe àga sí iwájú ilé rẹ̀. Òkè ti wúwo ju ìsàlẹ̀ lọ. Tó o bá gé bíréèkì yẹn, kẹ̀kẹ́ á fò yí bí òòyì, orí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ ló sì máa kọ́kọ́ bá.” Ọ̀gá Alákoto lọ wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó ti ṣí akoto, ó ń pe Bàbá ní “ẹ̀yin.” Wọ́n fẹnu kò pé tó bá di Sátidé, Bàbá á bá wọn mú un dọ́gba, wọ́n á yí i ní ìdajì, wọ́n á wá tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Sátidé náà, ká ní o wà níbẹ̀! Àpò iyanrìn ni wọ́n fẹ́ so rọ́pò ìjókòó mẹ́ta tó ti lọ. Ọ̀gá Alákoto gbé òṣùwọ̀n wá, Bàbá ò tiẹ̀ wò ó. Akọ̀wé ọ́fíìsì ìlú dúró síbẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó wá fọwọ́ sí ìwé, ọkùnrin rọ̀gbọ̀dọ̀ kan. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ìjókòó kan, akọ̀wé kan.” Ó ti rí òṣùwọ̀n tirẹ̀ nìyẹn. “Ẹ bù ú sí i, kò tíì tó akọ̀wé.” Wọ́n bù ú sí i. “Ó ku díẹ̀ kó di akọ̀wé.” Wọ́n tún bù ú. “Háà, ẹ yọ díẹ̀ kúrò, èyí ti di akọ̀wé tó jẹun yó!” Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín dójú ikú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń di ìdí ṣọ́bìrì mú. Akọ̀wé fajú ro, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fa ikùn wọlé. Nígbà tí wọ́n gbé àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí òṣùwọ̀n, wọ́n dọ́gba bí ìgbà tí wọ́n gé wọn láti ara aṣọ kan náà.

Wọ́n da gíríìsì sí ìdí rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin di okùn mú, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣí bíréèkì. Ó kọ́kọ́ dún bí orúnkún àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà ó yí. Kẹ̀kẹ́ Ńlá yí, Kẹsàn-án! Ó rọra ń yí, ìkẹta tèmi kọjá, ó ti dógùn-ún, mo juwọ́ sí i bí òmùgọ̀. Ìkejìlá sì ń bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ẹyẹ ti kó gbogbo òwú tí o kì, wọ́n fi ṣe ìtẹ́. Ìtẹ́ gbígbẹ kan ṣì wà ní igun ìjókòó. Èèpo tìmùtìmù nìkan ló kù, ó ti ṣá, àmọ́ ojú abẹ́rẹ́ mi ṣì wọ́ síbẹ̀, kò já níbì kankan. Bàbá gbé e, ó gbọn ún, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó wá fọwọ́ lé ìjókòó náà. Ó pẹ́ tó fi gbé ọwọ́ síbẹ̀, mo rò pé kò ní lè sọ ọ́.

“Ó ṣófo!”

Ohùn àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n máa ń gbọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé lọ fa ìlà, ó jáde, ó fi ṣọ́ọ̀kì lé Ọ̀gá Alákoto lọ́wọ́, ó ní, “Mo ti ṣíwọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o.” Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Akọ̀wé náà ń nu ojú, ó ní iyanrìn ló kó sóun lójú.

Bàbá wọ mọ́tò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á, kò sì wẹ̀yìn. Ohun kan ṣoṣo tó bá wa jà lé lórí ni pé ẹ̀gbọ́n mi ò gbọdọ̀ jókòó sẹ́yìn ọkọ mi tó ń wa mọ́tò, ó ní ẹ̀gbẹ́ kan á wúwo jù. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, a tún un tò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aago mẹ́fà lù nílé mi. Mo jókòó sí yàrá ìjẹun, mò ń so bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ilé-ìwé. Bàbá jáde láti yàrá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan àwọn àga ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ó ṣófo. Ó ṣófo.” Ọkọ mi wò mí, mo wò ó. Mo rò pé a ò tíì bọ́. Ó dé ìdí àga tèmi, ó fọwọ́ lé èjìká mi, ó dúró.

“Ènìyàn wà níbí,” ó ní. Ó fa àga ẹ̀gbẹ́ mi, ó jókòó, ó ní kí n bu oúnjẹ wá.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, kí o bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, sọ fún wọn pé kí wọ́n wo orí ara wọn, bóyá ibẹ̀ ni awò ojú náà wà. Bàbá àwọn ọmọ mi ń kí yín. Mo ti fọ èèpo tìmùtìmù náà, mo ti lọ̀ ọ́, mi ò sì ki nǹkan kan sí i, torí iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn. Tètè wá. Mo sọ fún Bàbá pé mò ń kọ lẹ́tà sí ọ. Ó bi mí bóyá o ti sanra, mo ní mi ò mọ̀. Ó ronú sí i díẹ̀, ó wá ní kò burú, kí n sọ fún Kẹsàn-án pé kò sí ohun tó ń yí mọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì wá jókòó pọ̀.

Èmi ni tìrẹ, tó máa ń wà lókè nígbà tí o bá wà nílẹ̀,

                                        Kẹta.